Àpáta Ẹja Bàbá Délé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Bàbá Délé, ó ti di oṣù kẹta tí a sin yín.

Lónìí ni mo fi sìmẹ́ǹtì tó kù sí ara àpáta tí ẹ fi fóòmù gbẹ́, èyí tí yóò dúró lẹ́yìn nínú àpótí dígí àwọn ẹja òkun yín. Mo kọ́kọ́ rẹ́ ẹ dán bí ògiri. Ìyá Hàlímà ilé kejì tó wá kí mi bú sẹ́rìn-ín.

"Kai, Ìyá Délé! Ẹja tí ẹ ò ní jẹ lẹ ń kọ́lé fún? Ilé ìwẹ̀ pàápàá ló jọ!"

Òótọ́ ló sọ. Mo mú kànrìnkàn, mo fi ń tẹ sìmẹ́ǹtì tútù náà títí ó fi ní ihò wẹẹrẹ bí òkúta tí omi ti jẹ.

Nísàlẹ̀, ojú àtàǹpàkò yín ṣì wà nínú sìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí ẹ fi sí i. Mo gbé ọwọ́ débẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ kúrò, n ò bò ó. Àwọn ẹja á rò pé òkun ló ṣe é.

Ẹ máa ń sọ pé omi sìmẹ́ǹtì tuntun ń pa ẹja. Àwọn ẹja yín méjèèjì ṣì wà nínú ike omi iyọ̀. Lọ́la, màá rẹ àpáta náà sómi, màá sì máa pààrọ̀ omi ọ̀hún títí yóò fi dára fún wọn.