Ìgò Méjì, Iye Kan

Ajé, 16 Agẹmọ 2018
Mo parí máàkì ìdánwò ìgbáradì. Ẹsẹ̀ wú. Láti oṣù Ẹrẹ́nà tí olùkọ́ kẹ́mísírì ti já wa sílẹ̀ lọ sí Kampala, èmi oníbáyọ́lọ́jì ni mò ń ru ẹrù méjèèjì. Ìbéèrè kẹrin: da ọtí pọ̀ mọ́ ásíìdì. Apá kan á di omi àti nǹkan tó ń ta sánsán bí èso. Apá kan á tún máa padà, títí lílọ àti bíbọ̀ á fi dọ́gba. Sọ àwọn tó jáde di púpọ̀ síra wọn, sọ àwọn tó kù náà di púpọ̀ síra wọn, fi í pín ti àkọ́kọ́ — iye ìdọ́gba nìyẹn. Bí a bá fi ásíìdì kún un, ṣé iye náà á yí? Ọgbọ̀n ọmọ ní á lọ sókè, bí mo ṣe kọ́ wọn. Kobusinge nìkan — Adyeri loríkì rẹ̀ — ló kọ "rárá". Òdo. Máàkì mẹ́fà lọ. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló gbà. Ẹni tí kò bá pé àádọ́ta á tún kíláàsì ṣe.

Ìṣẹ́gun, 17
Adyeri wá kúnlẹ̀ ní yàrá olùkọ́. Ó ní, "Mà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ ní ooru nìkan ló ń yí iye yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ sọ òmíràn. Èwo ni kí n dì mú?" Mo ní kó jáde.

Ọjọ́rú, 18
Mo wá inú ìwé. Ojú ewé yẹn ti ya lọ. Mo pe Adyeri pé kó wá ká fojú ara wa rí i. Ìgò méjì, ọtí kan náà. Ásíìdì ti ìkejì jẹ́ ìlọ́po méjì. A kán ásíìdì líle díẹ̀ sí méjèèjì kó lè yá. A dé e pinpin. Ó di ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹtì, 20
Ó rẹ̀ mí. Tíì nìkan.

Ọjọ́rú, 25
A ṣí i. Adyeri ń kán omi sódà tó ń pa ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ fi yí, ká lè mọ iye ásíìdì tó kù. Mo ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgò kìíní: mẹ́rin. Ìkejì: mẹ́rin, ó dín tíntín. Ásíìdì pọ̀, nǹkan olóòórùn náà pọ̀ — iye yẹn kò yẹ̀. Ọmọ náà kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ì bá kúkú rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 26
Mo lọ bá Kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá àgbà wa, tí ariwo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Mo sọ ohun tí a rí. Ó fi oríkì mi pè mí: "Amooti, rọra o. Bí o bá tún un ṣe, máàkì mẹ́fà á bọ́ lára àwọn ọgbọ̀n yẹn. Mẹ́rin nínú wọn á ṣubú. Ṣé ìwọ lo máa kọ lẹ́tà sáwọn òbí wọn?"

Ẹtì, 27
Mo sọ ọ́ ní kíláàsì: èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Isingoma, ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ̀n náà, ní, "Mà, ṣé ẹ fẹ́ gba máàkì wa ni?" Mo ní rárá, ẹ̀bi tèmi ni, ẹ ò ní bá mi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Adyeri á gba tirẹ̀. Mo kọ méjìléláàádọ́ta, mo fọwọ́ sí i. Kọ́kọ́rọ́ gbà á, kò wojú mi.

Ajé, 30
Wọ́n gba kẹ́mísírì lọ́wọ́ mi. Kò sí olùkọ́ mìíràn. Mo ń kọjá lọ ní tèmi, mo gbọ́ ohùn nínú kíláàsì. Adyeri ló dúró níwájú pátákó, ẹfun lọ́wọ́. "Mà, ẹ wọlé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."
Mo wọlé. Mo jókòó sẹ́yìn Isingoma, mo sì ṣí ìwé.