Ẹ̀rọ Tó Gbọ́ Ẹjọ́ Kànga Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára jù? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wàhálà ò ní mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o má fi oúnjẹ ṣeré.

Jókòó kí o tó ka èyí, nítorí bàbá rẹ ti ṣẹ́gun. O rántí pé ìjọba fẹ́ sọ àdúgbò wa di tuntun, ọ̀nà ọlọ́dà á sì gba orí kànga wa, tí ìwọ fúnra rẹ ní ká gba kámú. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ wá wo ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún omi, igi àti afẹ́fẹ́. Wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, orí rẹ̀ rí bíi kànrìnkàn. Mo bi wọ́n pé kí nìyí, wọ́n ní ó ń gbọ́ ariwo àdúgbò. Mo ní ó tán. Ìjọba tó bá gbé etí wá sílé ẹni, ẹjọ́ ló fẹ́ gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ òde mi, mo kí ẹ̀rọ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì ro ẹjọ́ kànga fún un. Ìyá rẹ ní arúgbó ti ń ṣe mí. Mo ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà mo pe télọ̀ àti àwọn ìyá alágbàfọ̀ kí àwọn náà wá sọ tiwọn. Kó tó pẹ́, ẹsẹ̀ ò gbèrò níbẹ̀, a sì ń tò láti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Ni àwọn òṣìṣẹ́ bá sáré padà dé, wọ́n ní ariwo tí ẹ̀rọ gbọ́ ti pọ̀ jù, ṣé ọjà ni. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí òkúta, ó ní ká tún un sọ fún òun, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń pọnmi níbẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ tẹnu gbogbo wa tán, ó ní ọ̀nà á yà, kànga á dúró.

Lánàá ni wọ́n fa ìlà tuntun. Ọ̀nà ìjọba yà fún kànga bàbá rẹ! Inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí. Ìyá rẹ wá ń sọ káàkiri pé òun ló kọ́ mi ní ohun tí mo sọ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra okùn àti korobá tuntun, èrò ti pọ̀ nídìí kànga. Bí o bá sì rí irú ẹ̀rọ yẹn rà, gbé e sí yàrá rẹ, torí o kì í gbé fóònù mi.

Ibi tí o bá ti lanu sọ̀rọ̀, wọn á gbọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ìjọba gbọ́ràn sí lẹ́nu.