Ìyá Pátákó: Ìrìn Àjò Olóògbé Màmá Elizabeth Òkìkíọlá Ilésanmí (1953–2025)

Ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà ni Màmá, kò sì sí ibi tí wọ́n gbé tí wọn kò ti sọ ọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1953 ni wọ́n bí wọn sínú ìdílé Olóògbé Samuel Ọlálẹ́yẹ, àgbẹ̀ paraku, àgbà oníṣu. Ìyá wọn, Olóògbé Comfort, ọmọ Ìpè-Àkókó ni, tó ń ná ọjà epo láti ìlú dé ìlú. Ọmọ mẹ́fà ni tọkọtaya náà bí, Òkìkíọlá ni àkọ́bí. Ẹni tó bá sì jẹ́ àkọ́bí obìnrin nílé àgbẹ̀ láyé ìgbà náà, àbúrò ló máa ń pọ̀n, kì í ṣe báàgì ìwé.

Ọdún méjì péré ni wọ́n lò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1961, ìyá wọn bí ìbejì, bàbá wọn sì ní kí Òkìkíọlá dúró sílé. Màmá kò di bàbá wọn sínú rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ọmọ tó sá kúrò nílé ìwé lọ wá máńgòrò, ẹnu Ọ̀kà ni wọ́n máa fi ń bú u, ọmọ náà á sì mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Ní ọdún 1972, wọ́n fẹ́ Olóògbé Joseph Ilésanmí, bíríkìlà ọmọ Ìkàrẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Màmá ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì, Bàbá á sì máa rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1978 ni Màmá wọ iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní agbègbè Ìkàrẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Limota Badmus, tó fi ọdún méje jù wọ́n lọ. Bí ọ̀kan bá gbálẹ̀ tán, èkejì á nù ún. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán, àfi ìgbà ààwẹ̀, nígbà tí Màmá máa ń lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìfọṣọ kí wọ́n tó jẹun, kí oúnjẹ má baà wu ọ̀rẹ́ wọn tó ń gbààwẹ̀. Limota ka ìwé mẹ́fà yege, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Ẹni tó gbá ìgbálẹ̀ mú, ìgbálẹ̀ náà ni gbogbo ọ̀gá ń rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1991 ló yí ayé Màmá padà. Pátákó ìkéde kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá káàdì, Màmá ló sì ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ìwé tó bá ti gbó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jó o mọ́ pàǹtí. Nítorí pé wọn kò mọ̀wé, àwọ̀ ni wọ́n ń wò: ìwé funfun, tuntun ni, ìwé tó ti pọ́n, ó ti pẹ́ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kan tí Limota wà ní ìsinmi, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ ìwé kan mọ́ ibẹ̀. Ìwé tó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó sì ti pọ́n. Màmá yọ ọ́, wọ́n jó o.

Ìwé náà ń pe àwọn agbálẹ̀, aṣọ́nà àti alágbàfọ̀ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́, kí ẹni tó bá yege lè bọ́ sí iṣẹ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta kò lè forúkọ sílẹ̀. Ọdún náà gan-an ni Limota pé márùndínláàádọ́ta; bí ọdún yẹn bá kọjá, àǹfààní rẹ̀ tán. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Rájí, akọ̀wé ẹgbẹ́, wá bi wọ́n pé ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ ga láàárín wọn ni, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá. Ìgbà náà ni Màmá tó mọ irú ìwé tí wọ́n jó.

Kò sẹ́ni tó rí Màmá nígbà tí wọ́n jó ìwé náà. Wọn ì bá dákẹ́, ayé ì bá gbàgbé. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ bá Limota nílé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì jẹ́wọ́. Háà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Limota kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Á dá nu tirẹ̀, á dá jẹ tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Limota gbé ìwé ABD kan wá síbi iṣẹ́, ó jù ú sórí itan Màmá, ó ní: “Ìwé tí o jó, ìwọ lo máa kà á fún àwọn tó kù. Ṣí i.” Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, láàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Limota kì í ṣe olùkọ́ tó ní sùúrù. Ọdún mẹ́ta ni Màmá fi gba èébú àti ìmọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Àkúrẹ́ lọ́dún 1994, Limota ló ń bá wọn nu wọ́ọ̀dù tiwọn mọ́ tirẹ̀ títí wọ́n fi dé. Màmá yege, wọ́n di akọ̀wé kékeré ní yàrá káàdì, wọ́n sì jẹ́ olórí ibẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2013.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀wé kà ni wọ́n ti ń dúró níwájú pátákó náà ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí wọ́n ń ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sókè fún àwọn tí kò lè kà á. Bí orúkọ Ìyá Pátákó ṣe mọ́ wọn lórí nìyẹn. Ní ọdún 1997, wọ́n bẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ títí tí ẹgbẹ́ fi gbé ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà wá sí Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Ọ̀kà, àwọn obìnrin agbálẹ̀ àti alágbàfọ̀ tó wá kẹ́kọ̀ọ́ tètè dé, wọ́n gbá gbọ̀ngàn, wọ́n to àga, wọ́n sì lọ dúró síta. Wọ́n rò pé àwọn ọ̀gá ló ń bọ̀ wá jókòó! Màmá jáde, wọ́n dì wọ́n lọ́wọ́ mú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi wọ́n jókòó. Safinat, alágbàfọ̀, wà lára wọn. Òun ni olórí yàrá káàdì lónìí.

Ní ọdún 2003, lẹ́yìn ìjà àjàmọ́gbà tí Màmá bá wọn jà nípàdé, ẹgbẹ́ fagi lé òfin ọjọ́ orí náà. Inú wọn dùn, wọ́n sáré lọ sọ fún Limota. Limota ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó ní, “Òkìkíọlá, ilé ni mò ń múra àtilọ. Agbálẹ̀ tó kọ́ ọ̀gá ni mí, ó tó mi.” Ó ń rẹ́rìn-ín ni o, ṣùgbọ́n Màmá sunkún títí wọ́n fi délé. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n dọ́jọ́ ikú.

Nínú ìjọ, olóòótọ́ ni Màmá nínú Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ. Wọ́n ń ka Bíbélì sókè fún àwọn arúgbó lẹ́yìn ìsìn, wọn kì í sì í fo orúkọ tó bá le. Bàbá ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2006. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Màmá náà tẹ̀ lé e, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin.

Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sáyé lọ ni Tósìn, olùkọ́ ní Àjọwá, Fúnminíyì, Grace, àti Hephzibah. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, àti àbúrò mẹ́ta. Wọ́n tún fi Alhaja Limota Badmus sílẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí ẹbí kà mọ́ ẹbí.

Kí ìwé yìí tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, àwọn ọmọ gbé e lọ fún Alhaja kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹbí kò fi ọ̀rọ̀ ìwé tó jóná síbẹ̀; wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìtìjú kò yẹ òkú. Alhaja wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ ọ̀rọ̀ ìwé tó jóná náà síbẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1991 ni àwọn ti dárí ji Òkìkíọlá, òun nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní kí wọ́n lẹ ẹ̀dà kan mọ́ pátákó ilé ìwòsàn náà.

Ó ti wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, àwọn agbálẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, wọ́n sì kà á fúnra wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Òkìkíọlá, gbèsè tán. Sinmi, ọmọ Ọlálẹ́yẹ. Kí ilẹ̀ Ọ̀kà tù ọ́ lára. Sùn re o, Ìyá Pátákó.