Màmá Ta-Ni-Ò-Tíì-Sọ̀rọ̀ (1941–2023)

Ọdún 1941 ni wọ́n bí Màmá sínú ìdílé káfíńtà kan, ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́fà, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Bàbá wọn kì í fi ayùn kan pákó tábìlì kankan láìjẹ́ pé wọ́n bi gbogbo ẹni tí yóò jókòó tì í léèrè ọ̀rọ̀, títí kan ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tólẹ̀ lórí àga. Màmá máa ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́kọ́ rí bí a ṣe ń ṣe ìpàdé.

Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1963. Ọ̀gá tó gbà wọ́n síṣẹ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, kọ́ wọn pé kí ọ̀rọ̀ ìpàdé ti dé etí àwọn èèyàn ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí àga sì yípo, kí ẹnikẹ́ni má baà sá sẹ́yìn ẹlòmíràn.

Ní 1966 wọ́n fẹ́ awakọ̀ ojú irin kan. Bàbá, ọkọ wọn, máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé nílé àwọn, ọmọ ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ sọ ohun tí àgbà máa jẹ.

Ní 1974, Màmá di ọ̀gá wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Kí a má tìtorí pé wọ́n ti lọ ká wá parọ́: ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n pè kò dára rárá. Àga yípo lóòótọ́, ṣùgbọ́n Màmá nìkan ló sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní kí a kó bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Gbogbo èèyàn mi orí. Màmá rò pé wọ́n ti gbà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an òjò rọ̀, òrùlé jò, ọmọdébìnrin kan tó ti fẹ́ lọ sílé sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i nítorí òtútù tó mú un láyà. Ó ti tó ọdún méjì tí obìnrin tó ń nulẹ̀ wọ́ọ̀dù ti mọ̀ pé yàrá náà ń jò. Nígbà tí Màmá bi í pé kí ló dé tí kò sọ, ó ní, "Ẹ ò bi mí, mà. Ẹ̀yin ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ tán, kí ló wá kù témi fẹ́ sọ?"

Màmá ka obìnrin yẹn kún olùkọ́ wọn títí ayé. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Màmá fúnra wọn ló ń kẹ́yìn, ìpàdé kì í sì í tú kí wọ́n tó bèèrè pé, "Ta ni ò tíì sọ̀rọ̀?" Bí orúkọ ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ tó ti ń jà fún ọdún mẹ́ta parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé méjì péré lọ́dọ̀ wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ní 2016, Bàbá ṣàìsàn, àkọ́bí wọn ọkùnrin sì buwọ́ lùwé iṣẹ́ abẹ láìbi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jókòó sí ìta ilé ìwòsàn kan náà. Bàbá kò jí. Láti ìgbà yẹn, àwọn ọkùnrin méjèèjì kò kí ara wọn mọ́. Màmá tó mú gbogbo wọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kò rí ọmọ méjì mú sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí àwọn má lọ kú kó tó yanjú.

Lóṣù tó kọjá, nígbà tí Màmá kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ní ọjọ́ kan ṣáájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àga yí bẹ́ẹ̀dì wọn ká. Àbíkẹ́yìn ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ọdún tí wọ́n bí mi lẹ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ṣé èmi ni mo fà á ni?" Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n, ẹkún ló ń sun. Ó wí fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ó yẹ kí n bi ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Jọ̀ọ́, má bínú." Àbúrò dìde, ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó kan Màmá, "Ó ti tó" nìkan ni wọ́n sọ. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìpàdé náà ni wọ́n sùn tí wọn ò jí mọ́.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àbúrò ọkùnrin kan sílẹ̀.

Àga yípo ni àwọn ọmọ wọn tò láti kọ ìtàn yìí. Àbíkẹ́yìn nínú wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń sọ, àbúrò ń kọ. Nígbà tó parí, wọ́n bèèrè pé ta ni ò tíì sọ̀rọ̀. Gbogbo ojú lọ sórí àga Màmá tó ṣófo.

Ẹ fọwọ́ rọrí, Màmá. Àwọn ọmọ yín ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.