Ohùn Ìyá Òfurufú: Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Ẹni Tó Ń Pe Àwọn Tó Sọnù Wálé

Sí ọkọ olóògbé, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí kò jẹ́ kí ọwọ́ wa yá ni àwa òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Ìṣàwárí àti Ìdóòlà Ẹ̀mí ní ìjọba ìbílẹ̀ fi ń kọ ìwé yìí sí yín lórí ikú ọ̀gá wa, aya yín, ìyá yín, tí àìsàn ọlọ́jọ́ díẹ̀ mú lọ. A wá síbi ìsìnkú, a dúró lẹ́yìn nínú aṣọ iṣẹ́ wa, a sì padà lọ láìlè sọ ju “ẹ pẹ̀lẹ́” lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú tí kò jẹ́ kí “ẹ pẹ̀lẹ́” tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi gùn ju bí irú rẹ̀ ṣe máa ń gùn lọ.

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ ra dróònù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fò láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, láti máa fi wá àwọn tó sọnù sínú igbó tàbí àwọn tí àkúnya omi ká mọ́, ọ̀pọ̀ wa rò pé iṣẹ́ ojú lásán ni. Kámẹ́rà yóò ríran, àwa yóò sì lọ gbé ẹni náà wá. Ìyá Òfurufú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pe ọ̀gá wa yìí, tí wọ́n sì fi ẹ̀rín gba orúkọ náà, ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ẹni tó sọnù a máa sá fún ẹni tó ń wá a. Ẹ̀rọ náà ń kùn bí agbọ́n. Ẹni tí ẹ̀rù ti bà tẹ́lẹ̀, tó bá gbọ́ irú kíkùn bẹ́ẹ̀ lókè orí rẹ̀, yóò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

Ìyá Òfurufú ní kí a so gbohùngbohùn mọ́ ẹ̀rọ náà lábẹ́. A so ó. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa àná fi ohùn ara wọn sí i: “Ìwọ tí o wà nísàlẹ̀ yẹn, dúró gbọin!” Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, ọkùnrin tí a ń wá gun igi lọ, kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí a fi lọ pe ìyàwó rẹ̀ wá. Nínú ìpàdé tó tẹ̀lé e ni Ìyá Òfurufú ti rọra sọ pé, “Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó sọnù ò jalè.” Alága gan-an rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn nù.

Yàrá tí a ń kó ìgbálẹ̀ àti ọ̀dà sí ni Ìyá Òfurufú wọ̀ lọ láti gba ohùn tiwọn sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ariwo kì í dé nílé iṣẹ́ wa. Ohun tí wọ́n sọ kò pọ̀: “Ọmọ mi, má sá mọ́. Jókòó síbẹ̀, kí o sinmi. A ti rí ẹ. Wọ́n ń bọ̀ wá mú ẹ lọ sílé.” Kò sí àṣẹ nínú rẹ̀. Bí ìyá ṣe ń pe ọmọ tó pẹ́ níta ló rí. Láti ìgbà náà ni àwọn tí a ń wá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó dè wá. Télọ̀ kan tó dàgbà ju bàbá Ìyá Òfurufú lọ béèrè nígbà tí a gbé e dé pé, “Ta ló ń pè mí lọ́mọ ẹ̀ láti òkè yẹn?” Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rọ ò mọ àgbà.” Bàbá ní, “Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti pè mí bẹ́ẹ̀.”

Ìyá Òfurufú náà ni wọ́n kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ pe ẹ̀rọ wálé títí ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ wa yóò fi kan ẹni tó sọnù. Bí bátìrì bá fẹ́ tán, wọ́n á gbé ẹ̀rọ kejì dìde kí wọ́n tó pe ti àkọ́kọ́ padà. Wọ́n ní ẹni tí a bá ti sọ fún pé a ti rí i, kò dára kí a fi í sílẹ̀ kó máa rò ó bóyá àlá ló lá. A rántí oúnjẹ wọn tó ń tutù lórí tábìlì, àti ẹ̀yin ọkọ wọn tí ẹ máa ń jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì, tí ẹ ń dúró. Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìrọ̀lẹ́ yín ni. A kò dúpẹ́ rẹ̀ tó nígbà tí wọ́n wà láyé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé ìsìnkú, káfíńtà àgbà kan, tí iyè rẹ̀ máa ń rà nítorí ogbó, jáde nílé ọmọ rẹ̀, kò sì padà. Ọ̀dọ́bìnrin tí Ìyá Òfurufú fúnra wọn kọ́ níṣẹ́ ló gbé ẹ̀rọ dìde. A ti fẹnu kò pé a kò ní lo ohùn náà. Ó rí Bàbá lẹ́yìn òpópónà yín, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ kíkùn ẹ̀rọ ni wọ́n kọrí sí ihò ńlá tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, wọ́n ń sáré, wọn ò wo iwájú. Bí ó bá fa ẹ̀rọ sẹ́yìn, yóò pàdánù wọn sínú igbó. Bí ó bá tẹ̀lé wọn, òun ni yóò lé wọn sínú ihò. Ó tẹ bọ́tìnnì ohùn náà. Bàbá dúró. Wọ́n wòkè, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní etí ihò níbẹ̀, títí a fi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ohùn kì í mọ ilé tó yẹ kó yà fún. Ó gba orí òrùlé yín kọjá. A gbọ́ pé ọmọ yín, tí kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, sáré jáde láàárín àwọn tó wá kí yín, bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ń pe “Mọ́mì.” Àbúrò yín mú ọ̀rọ̀ yín wá fún wa lọ́jọ́ kejì: “Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé wọ́n fẹ́ pa ọmọ yìí kún un ni?”

A kò ní àwíjàre. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ bínú. Ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ kò yẹ lẹ́ni tí ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lójijì láti òkè. Ó yẹ kí a ti yọ ohùn náà lọ́jọ́ tí a gbọ́ ìròyìn ikú, kí a sì wá bi yín léèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá. Kí ẹ sì má fi ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀dọ́bìnrin náà, nítorí àwa ni a fi bọ́tìnnì náà sílẹ̀ fún un.

A ti yọ ohùn náà kúrò nínú gbogbo ẹ̀rọ wa. Ọ̀gá àgbà ẹ̀ka wa yóò fi ọwọ́ ara wọn gbé e wá fún yín. A kò ní fi rán dẹ́rẹ́bà. Tìdílé yín ni, ti ọmọ yín ló sì jẹ́ jù. Bí ó bá ní kó má dún lókè mọ́ láé, kò ní dún. A ó máa fi ohùn tiwa pe àwọn tó sọnù, bí ohùn wa tilẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá sì gbà lọ́jọ́ kan, kódà kó jẹ́ ìgbà tó bá dàgbà, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tọpẹ́tọpẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, títí kan àwa náà, fi ọ̀ràn àwọn tó sọnù fa ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀. Ní ti ilé-ìwé rẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ti gbà láàárín ara wa láti máa gbé e lọ, kí a sì máa gbé e bọ̀, ní àwọn ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dá yín dúró. Ẹ ṣáà máa pè wá.

Ó ku iṣẹ́ kan tí wọ́n rán wa. Nígbà tí a mú káfíńtà náà délé, tí ọmọ rẹ̀ ń nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́ mú, ó ní, “Obìnrin tó ní kí n jókòó yẹn, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé mo ti délé.” A ní a ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí a lè jẹ́ ẹ fún: Bàbá ti délé, wọ́n sì ní kí a kí Ìyá Òfurufú.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí kò sí ọmọ rẹ̀ tó sọnù mọ́ ọn lójú, jókòó tì yín nínú ilé tó ṣófo yìí. Kí ó rẹ ọmọ yín lẹ́kún nígbà tí ẹkún náà bá dé, kí ó di ẹ̀yin ọkọ mú kí ẹ má baà ṣubú, kí ó sì fún ẹni tó ń ní kí àwọn ẹlòmíràn sinmi ní ìsinmi tirẹ̀. Àmín.

Àwa ni tiyín nínú ọ̀fọ̀,
Akọ̀wé, fún gbogbo òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Ìṣàwárí àti Ìdóòlà Ẹ̀mí