Kẹ́ẹ̀gì Tó Kẹ́yìn Ìlà

Òkè-Àró,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
12 Oṣù Kẹta, 2006.

Títílọpẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, àkọ́bí mi. Ṣé ara le? Ṣé ooru ààrò búrẹ́dì ò tíì yan ìwọ náà ní Mowe níbẹ̀? Àlàáfíà ni àwa wà. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣàròyé, mi ò sì dá a lóhùn.

Fẹ́yìsayọ̀ àbúrò rẹ fún mi ní lẹ́tà rẹ. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe máníjà ilé búrẹ́dì, àwọn òṣìṣẹ́ tó jù ọ́ lọ ò gbọ́ tìrẹ, o sì fẹ́ fipò náà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó dùn mí, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á débi tí o ti ní, "Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni máníjà," ẹ̀rín pa mí. Háà, Títí! Ẹni tó bá ṣì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, wọn ò tíì gbà fún un nìyẹn.

Alábòójútó là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí. Òun náà ni wọ́n pè mí nígbà tí àdúgbò gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. O ṣáà mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì ló ń bá èèyàn dúró lórí ìlà, bí olówó ẹ̀ ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé kẹ́ẹ̀gì tèmi síwájú gbogbo wọn. Ṣebí èmi ni ọ̀gá! Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sí ìlà mọ́, kóńkó jabele ni. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Àlájà Sùwéébátù, aládùúgbò wa, ló wá rọra sọ fún mi pé, "Ìyá Títí, níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, ojú yín ò lè tó ẹ̀yìn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi sẹ́yìn pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti rí aboyún tó ń dá dúró sínú oòrùn, tí mo sì rí ẹni tó ń yọ́ kẹ́ẹ̀gì márùn-ún wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n mú iná lọ, omi dá kó tó kàn mí. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo relé lójú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní kí ẹnì kan padà sẹ́yìn, á padà ni.

Torí náà, dìde nínú ọ́fíìsì yẹn. Kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ibẹ̀ láàárọ̀, ipò rẹ ò ní í torí ẹ̀ já bọ́. Bí wọ́n bá ń pín búrẹ́dì òṣìṣẹ́, jẹ́ kí tìrẹ kẹ́yìn. Má fipò sílẹ̀ o! Mo mọ ẹni tí mo bí, wàá ṣe é.

Olúwa á fún ọ ní ojú tó ń tó nǹkan. Ẹni tó kẹ̀yìn sí ọ á kọjú sí ọ. O ò ní í ṣiṣẹ́ àṣedànù.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń fi ọ́ yangàn,
Ọmọ́títí.

Àfikún: Láná, orúnkún yìí ò jẹ́ kí n tètè jáde. Nígbà tí mo fi máa dé ìdí omi, wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì mi tí mo tò sẹ́yìn ìlà láti alẹ́ síwájú, ó kún dẹ́nu. Mo béèrè ẹni tó gbé e. Oníkálukú ń nawọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀.