Aṣọ Tí Mo Bá Lára Rọ́bà Bíréèkì

Bàbá Ìbejì,

Ẹ má fọwọ́ kan mọ́tò yẹn tẹ́ ẹ bá dé o. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ ní púlọ́ọ̀gì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa mì tó bá dúró sójú kan. Irọ́ ni. Láàárọ̀ yìí, mo tẹ bíréèkì níbi tí àwọn ọmọléèwé ti ń sọdá, ó le bí òkúta. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́ kó tó dúró. Àpò ọmọ ọlọ́mọ kan ti kan bọ́ńpà wa. Àwọn ìbejì wà lẹ́yìn.

Mo rọra wà á padà bí ìgbín, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Afẹ́fẹ́ ń súfèé lára rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ẹ́ńjìnnì lọ síbi bíréèkì, aṣọ sì ni wọ́n fi so ó. Mo tú aṣọ náà, mo fọwọ́ dí ibi tó ya. Ẹ́ńjìnnì ò mì mọ́, ó rọlẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó rí ọmú.

Ẹ ti mọ̀ pé rọ́bà yẹn ya, ẹ sì jẹ́ ká máa gbé e jáde.

Mò ń fẹsẹ̀ mú àwọn ìbejì lọ síléèwé. Aṣọ yẹn ni mo fi tẹ ìwé yìí mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀já tí mo fi pọ̀n wọ́n ni.